Bí àwọn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà ṣe gbà láti fi ìwọ̀n kan ṣoṣo wo pápá ìjẹko wọn

Bí gbogbo ẹni tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà bá ń lo kóńgò tó wù ú, tí ti ẹnì kan jìn, tí wọ́n sì ti tẹ ìdí ti ẹlòmíràn wọnú, kò sí ẹni tó lè sọ iye ẹ̀wà tó wà lọ́jà náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò gba ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn láàárín àwọn àjọ tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjẹko ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Olúkúlùkù ló ní ìwé tirẹ̀, ìwọ̀n tirẹ̀, àti orúkọ tó fi ń pe ilẹ̀ tó dára àti èyí tó ti bàjẹ́. Nígbà tó wá di pé kí wọ́n dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo, pé ṣé ara ilẹ̀ náà ń yá ni àbí ó ń ṣàárẹ̀, kò sí èyí tó rí ìdáhùn tó délé dóko fọ̀ nínú wọn.

Ìbéèrè ọ̀hún kì í ṣe ti inú ìwé lásán. Ìdáhùn rẹ̀ ló ń sọ iye màlúù tí ẹnì kan lè dà lọ sí pápá àti iye oṣù tí wọ́n lè lò níbẹ̀. Òun náà ló ń sọ ibi tí ẹyẹ tó ń dín kù yóò rí forí pamọ́ sí, bí iná yóò ṣe máa ràn, àti bóyá ọmọ ẹni tó ń sin màlúù yóò rí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ jogún. Ìdí nìyí tí àdéhùn tí àwọn àjọ náà ṣe láàárín ara wọn láti bí ọdún 2000 fi ṣe pàtàkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó lùlù sí i.

Ilẹ̀ tó tóbi ju Nàìjíríà lọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe tó, kí ó kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ náà ṣe tó. Àjọ Bureau of Land Management, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí BLM, ń bójú tó nǹkan bí mílíọ̀nù 245 éékà. Ìyẹn ju gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà lọ láti Sókótó dé etíkun, ó sì tó nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nínú rẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù 155 éékà ni wọ́n ti fàyè gba ẹran láti jẹ̀. Àjọ Forest Service, tó ń bójú tó igbó ọba, ní mílíọ̀nù 193 éékà tirẹ̀, màlúù àti àgùntàn sì ń jẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Nevada nìkan, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ló jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ilẹ̀ ìjẹko tí kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀, èyí tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 400 éékà. Àjọ tó ń gba àwọn tó ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn, tó sì ń ka ohun tó wà lórí rẹ̀, ni Natural Resources Conservation Service, ìyẹn NRCS. Àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí kò jìnnà síra wọn rárá. Láyé ìgbà tí wọ́n ń la ọ̀nà reluwé lọ sí ìwọ̀-oòrùn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjọba fún àwọn iléeṣẹ́ reluwé ní ilẹ̀ ní máìlì kan níbùú àti lóòró, ó sì fo máìlì kan fún ara rẹ̀. Títí di òní, ibi kan wà tí ẹni tó bá ń rìn lọ tààrà yóò ti kúrò lórí ilẹ̀ ìjọba bọ́ sórí ilẹ̀ aládàáni, tí yóò sì tún padà bọ́ sórí ti ìjọba, láàárín wákàtí kan. Màlúù kò mọ ààlà, koríko kò mọ̀ ọ́n, atẹ́gùn tó ń gbé erùpẹ̀ náà kò sì mọ̀ ọ́n. Ọ́fíìsì nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀

Kí ó tó di ọdún 1934, kò sí òfin kan gbòógì lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ BLM lónìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni ẹran rẹ̀ ń jẹ, ẹni tó bá pẹ́, ìyàngbẹ ló bá. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń dá koríko sí, nítorí ohun tí ẹnì kan bá dá sí lónìí, ẹran ẹlòmíràn ni yóò jẹ ẹ́ lọ́la. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà, ọdún 1934, Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí òfin Taylor Grazing Act, tí wọ́n fi orúkọ Edward Taylor, aṣòfin láti ìpínlẹ̀ Colorado, pè. Òfin yìí ló dá ìwé àṣẹ ìjẹko sílẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, pẹ̀lú owó tí olóko màlúù gbọ́dọ̀ máa san.

Àsìkò ọ̀dá àti eruku ni. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 1935, eruku dúdú kan bo àwọn pẹ̀tẹ́lẹ̀ àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà mọ́lẹ̀ débi pé ọ̀sán di òru. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 27 oṣù yẹn kan náà, ìjọba dá àjọ Soil Conservation Service sílẹ̀ láti dáàbò bo erùpẹ̀, Hugh Hammond Bennett sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Àjọ yìí ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí NRCS ní ọdún 1994. Ní ti BLM, ọdún 1946 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí wọ́n da àjọ tó ń bójú tó ìjẹko pọ̀ mọ́ ọ́fíìsì ilẹ̀ tó ti wà láti ọdún 1812. Forest Service ló dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ, nítorí láti ọdún 1905 ló ti wà.

Abẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn mẹ́ta yìí wà. Forest Service àti NRCS wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn. BLM wà lábẹ́ iléeṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Interior, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà àti ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ń bójú tó lọ́hùn-ún bíi ti Nàìjíríà, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀, omi àti ohun àlùmọ́ọ́nì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iléeṣẹ́ méjèèjì ti ń wo ara wọn bí orogún. Ní ọdún 1936, Forest Service gbé ìwé ńlá kan síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, tó sọ pé ilẹ̀ ìjẹko ìwọ̀-oòrùn ti bàjẹ́ gidigidi, tó sì dábàá pé kí gbogbo rẹ̀ wá sábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn. Ẹgbẹ́ àwọn olóko màlúù fi ìwé tiwọn dá a lóhùn ní ọdún 1938, àkọlé rẹ̀ pàápàá sì ti sọ ibi tí wọ́n dúró sí, pé ọ̀rọ̀ òjò ni, àti pé bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ yóò yá. Láti ìgbà náà ni kò ti sí ìṣirò kan tí àjọ kan gbé jáde tí ẹlòmíràn kò rò pé ó ní ohun tó ń wá.

Kóńgò mẹ́ta nínú ọjà kan

Kì í ṣe pé àwọn àjọ náà kò ṣe iṣẹ́. Soil Conservation Service máa ń fi koríko tó wà lórí ilẹ̀ wé irú èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀ bí kò bá sí ìdààmú kankan, á sì fún ilẹ̀ náà ní ipò láti èyí tó dára gan-an títí dé èyí tó burú. Forest Service ní ọ̀nà tirẹ̀, tí Kenneth Parker là kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. BLM náà ń lo oríṣiríṣi ọ̀nà, nígbà mìíràn ó máa ń yàtọ̀ láti ọ́fíìsì kan sí èkejì. Ilẹ̀ tí wáyà kan ṣoṣo pín sí méjì lè jẹ́ èyí tó dára lápá ọ̀tún, kó sì jẹ́ èyí tó bàjẹ́ lápá òsì, láìjẹ́ pé koríko ibẹ̀ yàtọ̀ síra.

Àléébù kejì tilẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọn koríko, àwọn fúnra wọn ló fojú yàn án pé ibẹ̀ dúró fún gbogbo pápá. Ẹni tó bá ti ra tòmátì apẹ̀rẹ̀ rí mọ ohun tó wà nínú èyí. Èyí tó wà lókè apẹ̀rẹ̀ kì í sọ òótọ́ nípa èyí tó wà nísàlẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ní ojú àánú sí olóko màlúù, ibi tó tutù ni yóò yàn. Bí inú bá ń bí i, ẹ̀bá omi tí màlúù ti tẹ̀ pa ni yóò lọ. Kódà ẹni tí kò ní ẹ̀tanú kankan, ibi tí mọ́tò lè dé ni yóò wọ̀ ọ́ lójú jù.

Òfin méjì fipá mú ọ̀rọ̀ náà wá sójú táyé. Òfin Federal Land Policy and Management Act ti ọdún 1976 pàṣẹ pé kí BLM máa ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, kí ó sì máa tún un ṣe lóòrèkóòrè. Òfin ọdún 1978 lórí àtúnṣe ilẹ̀ ìjẹko tún sọ ọ́ yanjú pé kí iléeṣẹ́ méjèèjì ní àkọsílẹ̀ ipò ilẹ̀ ìjẹko àti ibi tó dorí kọ. Ní ọdún 1994, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí National Research Council gbé kalẹ̀ ka gbogbo ohun tó wà nílẹ̀, wọ́n sì gbé ìdájọ́ wọn jáde: àkọsílẹ̀ tí wọ́n kó jọ láti orí pápá kò kárí, kò bá ara mu, kò sì ṣeé fi sọ bóyá ara ilẹ̀ ìjẹko Amẹ́ríkà dá lápapọ̀. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn òfin Taylor, òjò àti ọ̀dá ti kọjá, ìran màlúù ti yí padà, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè sọ bí ọjà ṣe rí.

Àdéhùn tí wọ́n ṣe

Ìdáhùn àwọn àjọ náà kì í ṣe láti pa ara wọn pọ̀ di ọ̀kan. Wọ́n fi ẹ̀yà ara wọn sílẹ̀, kóńgò ni wọ́n sọ di ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ láti BLM, NRCS, àjọ ìwádìí ọ̀gbìn Agricultural Research Service àti àjọ ìwádìí ilẹ̀ U.S. Geological Survey jókòó pọ̀, wọ́n sì gbé ìwé kan jáde lórí bí wọ́n ṣe lè mọ̀ bóyá ara ilẹ̀ dá. Ẹ̀dà kẹta rẹ̀ jáde ní ọdún 2000, ẹ̀kẹrin ní ọdún 2005, ìkarùn-ún sì ní ọdún 2020. Àmì 17 ni ìwé náà ní kí òṣìṣẹ́ wò, bí ojú àgbàrá, erùpẹ̀ tí kò ní ìbòrí, koríko tó ń kú àti igi àjèjì tó ń gbilẹ̀. Wọ́n kó àwọn àmì náà sábẹ́ ìbéèrè mẹ́ta: ṣé erùpẹ̀ dúró sójú kan, ṣé omi òjò ń wọlẹ̀ dípò kó máa ṣàn lọ, ṣé àwọn ohun abẹ̀mí tó yẹ kó wà níbẹ̀ ṣì wà?

Ìdájọ́ àmì nìkan kò tó, nítorí ojú méjì lè rí nǹkan kan náà lọ́nà méjì. Wọ́n nílò ìwọ̀n tó ní nọ́ńbà. Ibùdó ìwádìí Jornada, tó ti wà nítòsí ìlú Las Cruces ní New Mexico láti ọdún 1912, ló ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí, ìwé ìlànà tó gbé jáde ní ọdún 2005 sì di èyí tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé. NRCS ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ wo ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 2003, lábẹ́ ètò National Resources Inventory, Yunifásítì Iowa State sì ń bá a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní ọdún 2011, BLM gbé ètò tirẹ̀ jáde tí wọ́n ń pè ní AIM, wọ́n sì na iṣẹ́ NRCS náà dé orí ilẹ̀ BLM. Fún ìgbà àkọ́kọ́, nọ́ńbà tó wá láti orí ilẹ̀ aládàáni àti èyí tó wá láti orí ilẹ̀ ìjọba ṣeé gbé ka orí tábìlì kan.

Ohun kan ṣì kù. Kò tọ́ kí wọ́n fi ilẹ̀ iyanrìn wé ilẹ̀ amọ̀, kí wọ́n sì ní ọ̀kan ti bàjẹ́. Ní ọdún 2013, BLM, Forest Service àti NRCS jọ fẹnu kò lórí ìwé kan tó ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe máa pín ilẹ̀ sí oríṣi gẹ́gẹ́ bí erùpẹ̀ rẹ̀, òjò rẹ̀ àti ibi tó dúró sí ti rí. Oríṣi ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ nípa irú koríko tó lè hù níbẹ̀, ohun tó lè bà á jẹ́, àti bóyá ó ṣeé tún ṣe bí ó bá ti bàjẹ́. Irú ilẹ̀ tirẹ̀ ni wọ́n ń fi wé ilẹ̀ kan.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ lórí pápá

Kọ̀ǹpútà ló ń yan ibi tí wọn yóò lọ, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Wọ́n á pín ilẹ̀ sí ọ̀wọ́, kọ̀ǹpútà á sì ju ojúlé sí orí àwòrán ilẹ̀ bí ẹni tó ń ṣẹ́ gègé. Ibi tó bá bọ́ sí náà ni, ìbáà ṣe orí àpáta tàbí inú àfonífojì tí mọ́tò kò lè dé. Nítorí pé kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú yíyàn náà, àwọn onímọ̀ ìṣirò lè sọ iye éékà tí ojúlé kọ̀ọ̀kan dúró fún, wọ́n sì lè sọ bí àṣìṣe inú ìṣirò wọn ṣe lè pọ̀ tó. Bí ojúlé bá bọ́ sórí ilẹ̀ aládàáni, wọ́n gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ó sì lè kọ̀. Láti ọdún 2008 ni òfin ti ka NRCS léèwọ̀ láti tú àṣírí irú ibi bẹ́ẹ̀ síta, nítorí kò sí olóko tí yóò gbà kí wọ́n wọn ilẹ̀ òun tó bá ń bẹ̀rù pé ẹjọ́ ni wọ́n ń kó jọ.

Ọ̀dọ́langba ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, wọ́n sì ń gba wọ́n fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ṣeé dá mọ̀. Inú àgọ́ ni wọ́n ń sùn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á jọ wọn ojúlé kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á sì fi èsì wọn wé ara wọn. Bí kò bá sún mọ́ra, wọ́n á tún un ṣe títí ojú wọn yóò fi ṣọ̀kan.

Lórí ilẹ̀ BLM, bí wọ́n bá ti dé ojúlé, wọ́n á na téèpù mẹ́ta síta láti àárín, bí ìka ẹsẹ̀ adìẹ. Mítà márùn-ún sí àárín gbùngbùn ni téèpù kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹsẹ̀ wọn má baà tẹ ohun tí wọ́n fẹ́ wọn pa, ó sì gùn ní mítà 25. Ní gbogbo ìdajì mítà, òṣìṣẹ́ kan á ju irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ ní òró, á sì pe orúkọ gbogbo ewéko tí irin náà bá fara kàn láti òkè dé ilẹ̀, lẹ́yìn náà ohun tí ẹnu rẹ̀ bà lé: erùpẹ̀, òkúta, ewé gbígbẹ tàbí gbòǹgbò. Ẹnìkejì á máa kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà ọwọ́. Ìgbà 50 lórí téèpù kan, ìgbà 150 lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí irin bá bọ́ sórí erùpẹ̀ òfìfo ní ìgbà 45, a jẹ́ pé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà ló wà níhòòhò. Ọ̀nà yìí rọrùn débi pé kò fi àyè sílẹ̀ fún àríyànjiyàn. Irin kan ewé, tàbí kò kàn án.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọn àlàfo. Wọ́n á tọ téèpù lọ, wọ́n á sì kọ gbogbo ibi tí ewéko kò ti bo ilẹ̀ fún ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ilẹ̀ méjì lè ní iye ewéko kan náà, kí ewéko ọ̀kan fọ́n káàkiri, kí ti èkejì sì kó jọ sí ojú kan. Lórí èyí àkọ́kọ́, atẹ́gùn kò rí ibi sá eré. Lórí èkejì, ọ̀nà gbọọrọ ti ṣí fún un láti máa kó erùpẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ka iye ewéko nìkan kò ní rí ewu yẹn.

Èyí tó kàn ni ìdánwò erùpẹ̀. Wọ́n á bu ègé kéékèèké 18, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju hóró ẹ̀wà lọ, wọ́n á kó wọn sínú asẹ́ kéékèèké, wọ́n á sì rì wọ́n sínú omi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí tó bá yọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ gba nọ́ńbà 1. Èyí tó bá ṣì dúró lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e sókè, tí wọ́n rì í padà ní ìgbà márùn-ún, gba nọ́ńbà 6. Erùpẹ̀ tí gbòǹgbò àti kòkòrò tíntìntín ti so pọ̀ kì í yọ́, bẹ́ẹ̀ ni òjò kì í lè gbá a lọ. Wọ́n á tún gbẹ́ ihò kan láti mọ oríṣi ilẹ̀ náà, wọ́n á wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n á fi omi pò ó ní àtẹ́lẹwọ́ láti mọ bí iyanrìn àti amọ̀ inú rẹ̀ ti tó, wọ́n á sì ya fọ́tò. Ewéko tí wọn kò bá mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á já a, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́ títí yóò fi gbẹ, wọ́n á sì gbé e tọ onímọ̀ lọ. Iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan lè jẹ́ ojúlé kan ṣoṣo.

Ohun tí wọ́n ń lo èsì rẹ̀ fún

Ọdún mẹ́wàá ni ìwé àṣẹ ìjẹko sábà máa ń lò lórí ilẹ̀ BLM. Wọ́n ń ka iye ìjẹko ní oṣù-ẹran, ìyẹn oúnjẹ tí màlúù kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, tàbí àgùntàn márùn-ún, yóò jẹ fún oṣù kan. Àṣẹ ààrẹ ọdún 1986 ní owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí dọ́là 1.35. Nígbà tí ìwé àṣẹ bá fẹ́ parí, ó yẹ kí BLM wo bí ara ilẹ̀ náà ṣe rí kí ó tó tún un ṣe. Bí wọ́n bá dín iye màlúù kù, ẹni tó fi ìwé àṣẹ náà yá owó ní báńkì ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Bí wọn kò bá sì dín in kù nígbà tó yẹ, ilẹ̀ ni yóò san gbèsè náà.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ sage-grouse jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Ẹyẹ yìí kò lè gbé níbi tí kò bá sí igi kúkúrú tí wọ́n ń pè ní sagebrush. Ní ọdún 2010, ìjọba sọ pé ó yẹ kí òfin dáàbò bò ó gẹ́gẹ́ bí ohun tó fẹ́ parun, ṣùgbọ́n pé ọ̀rọ̀ àwọn mìíràn ló jẹ́ kánjúkánjú jù. Ẹ̀rù ba àwọn olóko màlúù àti àwọn tó ń wa epo, nítorí irú òfin bẹ́ẹ̀ lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Ní ọdún 2015, BLM àti Forest Service tún ètò ilẹ̀ wọn ṣe ní ìpínlẹ̀ mẹ́wàá, ìjọba sì sọ pé kò pọn dandan mọ́ láti fi ẹyẹ náà sábẹ́ òfin ọ̀hún. Wọ́n ti yí àwọn ètò náà padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà náà. Ohun tí kò yí padà ni pé ìwọ̀n orí pápá kan náà ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá sagebrush àti koríko tó yẹ kí ẹyẹ náà bá ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀tá tó tún ń bá wọn jà ni cheatgrass, koríko àjèjì tó ti òkè òkun wọlé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó máa ń tètè gbẹ ṣáájú àwọn koríko ìbílẹ̀, á sì di ohun ìdáná. Bí iná bá jó sagebrush kúrò, cheatgrass náà ni yóò kọ́kọ́ hù padà, tí iná mìíràn yóò sì tún rí ohun jó. Láti rí ibi tó ti ń ràn, sátẹ́láìtì wúlò púpọ̀. Ní ọdún 2018, Yunifásítì Montana pẹ̀lú NRCS àti BLM ṣí ojú òpó kan fún gbogbo èèyàn láti wo bí ewéko ilẹ̀ ìjẹko ṣe ń yí padà láti àwọn ọdún 1980. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kò mọ ohun tó ń wò bí kò bá sí ẹni tó kọ́ ọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojúlé tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ju irin sílẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ pé àwọ̀ báyìí ni koríko, àwọ̀ báyìí sì ni erùpẹ̀ òfìfo.

Ibi tí ìwọ̀n kò lè dé

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìwọ̀n kan ṣoṣo ti parí gbogbo ìjà. Ojúlé tó pọ̀ tó láti sọ̀rọ̀ nípa ìpínlẹ̀ kan lè má tó láti sọ̀rọ̀ nípa pápá ẹnì kan. Ó ṣeé ṣe kí ojúlé kan ṣoṣo bọ́ sínú pápá olóko màlúù kan, tàbí kó má tilẹ̀ sí rárá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí lórí ilẹ̀ tòun gan-an. Nítorí náà, BLM ṣì ní láti fi àwọn ojúlé mìíràn kún un, kí ó sì fetí sí ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ ti da màlúù níbẹ̀.

Ìjà mìíràn tún wà tí kì í ṣe ti koríko. Cliven Bundy, olóko màlúù kan ní Nevada, ti kọ̀ láti máa san owó ìjẹko láti ọdún 1993, ó ní ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí BLM fẹ́ kó màlúù rẹ̀ kúrò ní oṣù Kẹrin, ọdún 2014, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ bẹ́ẹ̀, àwọn tó gbà pẹ̀lú rẹ̀ gbé ìbọn wá, àjọ náà sì dá màlúù padà kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣàn. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2018, adájọ́ da ẹjọ́ ọ̀daràn tí wọ́n pè é nù, nítorí pé àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fi ẹ̀rí pamọ́. Kò sí téèpù tó lè wọn irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olóko màlúù kò bá ìjọba jà lórí ẹni tó ni ilẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ìṣirò náà jẹ́ òótọ́, ibẹ̀ gan-an ni ìwọ̀n tí gbogbo àjọ fọwọ́ sí ti wúlò.

Owó àti òṣìṣẹ́ ni ìṣòro tó kù. Iṣẹ́ yìí kò ní láárí bí wọn kò bá padà sí ojúlé kan náà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nítorí ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kò lè sọ ibi tí ilẹ̀ dorí kọ. Ní oṣù Kejì, ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ti Forest Service àti iléeṣẹ́ Interior sì wà lára wọn, kí ilé ẹjọ́ tó ní kí wọ́n dá àwọn kan padà. Ẹni tó mọ orúkọ koríko igba kò ṣeé fi ẹlòmíràn rọ́pò láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ìmọ̀ tó ti ibùdó Jornada jáde ti dé ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú. Nígbà tí àjọ USAID ṣì wà, ó ran àwọn onímọ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́ láti ṣe ètò orí fóònù kan tí wọ́n ń pè ní LandPKS, kí àgbẹ̀ àti darandaran lè mọ ohun tí ilẹ̀ wọn lágbára láti gbé, Kenya àti Namibia sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Ìwọ̀n náà kò béèrè ju téèpù, irin tẹ́ẹ́rẹ́, omi díẹ̀ àti ojú tó mọ koríko lọ. Èyí tó ṣòro níbẹ̀, tó gba Amẹ́ríkà ní ọgọ́ta ọdún, ni kí àwọn tó ń bá ara wọn jà lórí ilẹ̀ gbà pé kóńgò kan náà ni àwọn yóò jọ máa lò.